Tanwíji inú ìgò, kúlúsọ inú yanrìn: Sáyẹ́ǹsì tí ọmọ ilé ìwé lè fọwọ́ bà ní Agboju

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Èkó pé báwo ni ẹ̀fọn ṣe ń di ẹ̀fọn, ó ṣeé ṣe kí ó ka ipele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí yín létí lédè Gẹ̀ẹ́sì láìmí: egg, larva, pupa, adult. Olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ dà á kọ sínú ìwé, ó kọ́ ọ sórí, ó sì gba máàkì nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ yìí kan náà lọ sídìí korobá omi òjò tó wà lẹ́yìn ilé, kí ẹ ní kí ó tọ́ka sí èyí tó ń jẹ́ larva níbẹ̀, ó lè máa wò yín bí ẹni pé ẹ ń sọ èdè tí kò gbọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ tanwíji ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nínú omi náà níṣojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n Agboju tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba ọ̀nà Badagry kọjá mọ Agboju dáadáa. Ẹ̀bá òpópónà márosẹ̀ ló wà, kò jìnnà sí Mile 2, ìlú Festac tí ìjọba kọ́ láti fi gba àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé ní oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 1977 sì wà ní ìtòsí rẹ̀. Ilẹ̀ irà ni púpọ̀ nínú agbègbè náà nígbà kan rí, omi ọ̀sà kò sì jìnnà síbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ilé ti bo ilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti bo ojú títì. Ọmọ tó ń dàgbà níbẹ̀ lè lo ọdún kan gbáko láìfi ẹsẹ̀ tẹ oko. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ fi ń rò pé kí ọmọ tó lè fojú kan ohun tí Ọlọ́run dá, àfi kí ilé ìwé háyà bọ́ọ̀sì.

Ọ̀nà Lekki jìn

Ibi tí àwọn ilé ìwé Èkó mọ̀ jù fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ni Lekki Conservation Centre, tí ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Olóògbé Olóyè Shafi Lawal Edu ló ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1980. Igbó náà tó hẹ́kítà 78. Ọ̀bọ ń fò láti orí igi kan sí òmíràn níbẹ̀, ọ̀nì wà nínú omi, ìjàpá ń rìn jẹ́jẹ́ nínú koríko. Ní ọdún 2015, wọ́n ṣí afárá kan síbẹ̀ tó gba òkè igi kọjá, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ọmọ tó bá rin orí afárá yìí, kò dájú pé yóò gbàgbé rẹ̀ láyé.

A kò bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìrìn àjò yìí o. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá ti Agboju lọ sí Lekki yóò la ìlú Èkó já láti ìwọ̀ oòrùn dé ìlà oòrùn. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Mile 2 àti Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ti mú Erékùṣù Èkó súnmọ́ àwọn ará ibẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n Lekki ṣì kù níwájú lẹ́yìn Marina. Owó ọkọ̀ ń bẹ, owó ìwọlé ń bẹ, owó oúnjẹ ń bẹ, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ náà ń dúró de wọn. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kò bá rí owó san, ilé ni yóò jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ojú ló ń ṣiṣẹ́ jù, ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan nǹkan. Ọmọ tó lọ wo ọ̀bọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti ṣe fàájì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wo tanwíji láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń kà á, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, òun ló ń ṣe sáyẹ́ǹsì. Èyí kò sì ná ilé ìwé ní owó bọ́ọ̀sì.

Ìgò kan, ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí tanwíji yìí. Ohun tí kíláàsì kan nílò kò ju ìgò méjì tó mọ́ gaara, àwọ̀n nẹ́ẹ̀tì kékeré, rọ́bà tí a fi ń di owó, àti ìwé àkọsílẹ̀. Olùkọ́ yóò bu omi tí tanwíji wà nínú rẹ̀ sínú ìgò, yóò fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, yóò sì dè é pinpin kí ẹ̀fọn tó bá jáde má baà bọ́ sínú kíláàsì. Kí wọ́n wá pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ márùn-ún-márùn-ún. Láràárọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ka iye tanwíji tó kù, iye èyí tó ti ká kò bí àmì kọ́mà, àti iye èyí tó ti yọ ìyẹ́.

Ìbéèrè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí tanwíji fi ń gòkè wá sójú omi nígbà gbogbo? Atẹ́gùn ló wá mí. Kí ló dé tí àwọn kan fi ìdí kọ́ sójú omi tí orí wọn sì wà nísàlẹ̀, nígbà tí àwọn mìíràn sùn gbalaja sójú omi? Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ńlá wà. Àwọn tó dorí kodò ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan nídìí tí wọ́n fi ń mí. Tanwíji ẹ̀fọn Anopheles kò ní ọ̀pá yìí, ìdí nìyí tó fi ń sùn gbalaja. Abo ẹ̀fọn Anopheles yìí gan-an ló sì ń gbé àìsàn ibà láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ náà bí wọ́n bá fi hàn án lẹ́ẹ̀kan péré.

Nínú ìgò kejì, kí olùkọ́ kán òróró díẹ̀ sójú omi. Òróró yóò tẹ́ bo ojú omi, tanwíji kò ní rí ọ̀nà mí mọ́, wọn yóò sì kú. Nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ̀fọn ti ń fò nínú ìgò àkọ́kọ́. Kí olùkọ́ da omi ọṣẹ gba ojú nẹ́ẹ̀tì títí ìgò yóò fi kún, kí gbogbo wọn lè kú kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i.

Eré ọmọdé kọ́ lèyí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ibà pa lágbàáyé ní ọdún 2022, bíi mẹ́ta ló jẹ́ ti Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá a lọ nílẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i tí ẹ̀fọn jáde láti inú omi tó mọ́ lóló, kò tún dúró kí wọléwọlé wá kí ó tó da omi inú táyà àti agolo tó wà lẹ́yìn ilé wọn nù. Yóò ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ bi kúlúsọ léèrè

Ta ni nínú ẹ̀yin àgbà ni kò fi igi koríko tọ́ kúlúsọ rí nígbà èwe? Ẹran kékeré yìí kò tíì kúrò láyé. Níbikíbi tí yanrìn bá ti gbẹ tó sì kúnná, tí òjò kì í rọ̀ sí, bíi abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri kíláàsì, ẹ óò rí ihò rẹ̀ tó dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò.

Lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, láàárín ọdún 1960 sí 1970, orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tó kópa nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní African Primary Science Programme. Àwọn tó ṣe ètò náà rí i pé ìwé sáyẹ́ǹsì tí ọmọ aláwọ̀ dúdú ń kà kún fún ohun tí kò rí rí. Wọ́n wá kọ ìwé fún àwọn olùkọ́ lórí ohun tó wà láyìíká ọmọ: irúgbìn, yanrìn, ẹ̀fọn, ohun ẹlẹ́mìí inú omi adágún. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà dá lórí kúlúsọ nìkan. Ask the Ant Lion ni wọ́n sọ ọ́, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé bí ọmọ bá béèrè ọ̀rọ̀ nípa kúlúsọ, kí olùkọ́ má yára dáhùn. Kí ó ní kí ọmọ lọ bi kúlúsọ fúnra rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń bi kúlúsọ léèrè? Ẹ bu yanrìn gbígbẹ sínú abọ́ kan, ẹ bu yanrìn tútù sínú èkejì, kí ẹ fi kúlúsọ kọ̀ọ̀kan sínú wọn. Èyí tó wà nínú yanrìn gbígbẹ yóò fi ẹ̀yìn rìn yípo, yóò máa fi orí gbọn yanrìn dànù títí ihò yóò fi jìn. Èyí tó wà nínú yanrìn tútù kò ní rí ihò gbẹ́, nítorí yanrìn tó lẹ̀ mọ́ra kì í yọ̀. Ẹ wá ju èèrà kan sínú ihò náà. Ẹsẹ̀ èèrà yóò máa yọ̀, nítorí kúlúsọ ti gbẹ́ ihò náà dé ibi tí ó bá fi díẹ̀ dagun sí i, yanrìn yóò ya lulẹ̀. Bí èèrà bá sì fẹ́ bọ́, kúlúsọ yóò da yanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀. Ó ń pẹ́ kó tó dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tó bá yá, yóò di kòkòrò abìyẹ́ tó jọ lámilámi. Èyí tó máa ń ya ọmọdé lẹ́nu jù ni pé kúlúsọ kì í yàgbẹ́ ní gbogbo ìgbà tó fi wà nínú yanrìn. Ó di ọjọ́ tó bá yọ ìyẹ́.

Bákan náà ni patanmọ́ tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé bí a bá fọwọ́ kàn án, yóò pa ewé dé. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó ni yóò lò kó tó tún la ewé rẹ̀? Ṣé yóò pa ewé dé bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i? Ṣé yóò ṣe bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú? Omi tó wà ní ìdí ewé náà ló ń sá kúrò níbẹ̀ tí ewé fi ń rọ. Aago ọwọ́ olùkọ́ kan ti tó láti fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Omi kànga àti ewé ojú omi

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní agbègbè etí omi Èkó, omi kànga tàbí ti borehole a máa mọ́ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ọ́n, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ kejì, yóò ti pọ́n bí ìpẹtà. Kí olùkọ́ bu irú omi bẹ́ẹ̀ sínú ike mímọ́ gaara lówùúrọ̀, kí àwọn ọmọ máa wò ó. Irin tó yọ́ sínú omi lábẹ́ ilẹ̀ ni atẹ́gùn bá pàdé lókè tó fi ń di ìpẹtà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gé ìdí ike mìíràn, kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, kí wọ́n fi òwú dí ẹnu rẹ̀, kí wọ́n da èédú tí wọ́n gún lé e, kí yanrìn tí wọ́n ti fọ̀ tẹ̀ lé e, kí òkúta wẹ́wẹ́ wà lókè. Kí wọ́n wá rọra da omi pípọ́n náà sí i. Omi tó ń kán jáde nísàlẹ̀ yóò mọ́ ju ti òkè lọ. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tẹ ẹ́ mọ́ wọn létí pé omi tó mọ́ lójú kò túmọ̀ sí pé kòkòrò àìsàn kò sí níbẹ̀. A kì í mu ún.

Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà mọ ewé aláwọ̀ ewé kan tó ń bo ojú omi, tó ń dí ọkọ̀ ojú omi lọ́nà, èyí tí wọ́n ń pè ní water hyacinth. Kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1984 ni wọ́n sì ṣàkíyèsí rẹ̀ lójú omi Badagry, tó gba ọ̀nà ilẹ̀ Benin wọlé. Kí àgbàlagbà kan mú ọ̀kan wá sí ilé ìwé. Bí wọ́n bá la igi ewé rẹ̀ tó wú bí ìkòkò, wọn yóò rí i pé ihò kéékèèké tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀ ló kún ibẹ̀, òun ni kò jẹ́ kó rì. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, kí wọ́n tún un wọ̀n. Ohun tó kù kò ní tó nǹkan, nítorí omi ló kó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ibo wá ni omi náà lọ? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí.

Kì í ṣe owó ni ìṣòro

Àwọn olùkọ́ lè sọ pé ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì, pé ìwé àkànṣe iṣẹ́ sáà kò tíì parí, pé ìdánwò ti dé tán. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹrù wọn wúwo. Ṣùgbọ́n ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí àjọ NERDC ṣe fún ilé ìwé fúnra rẹ̀ ní àyè kan tí wọ́n kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kò pọ̀ jù fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a dúró de irinṣẹ́ olówó ńlá. Ẹ̀yin àgbà lè rántí pé nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ Introductory Technology. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, inú àpótí ni àwọn ẹ̀rọ náà wà tí wọ́n fi dípẹtà, nítorí kò sí iná, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wọ́n lò. Ìgò àti yanrìn kò nílò iná.

Ohun tí wọ́n rí ní Ifẹ̀

Èdè tí ọmọ fi ń béèrè ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn kọ́ ẹ̀kọ́ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì gba ipò Yorùbá láti kíláàsì kẹrin. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Fafunwa, tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láàárín ọdún 1990 sí 1992, kò yé sọ ọ́ títí ó fi papòdà ní ọdún 2010.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà kò sì tán síbẹ̀. Ohun tó dá wa lójú ni pé kò sí òfin tó ní kí ọmọ má béèrè ọ̀rọ̀ lédè Yorùbá nígbà tó bá ń wo kúlúsọ.

Ọwọ́ ẹ̀yin àgbà ló kù sí

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó wà ní abúlé àti ìlú kéékèèké. Bí àwọn ọmọ ọmọ yín bá ti Agboju, Festac tàbí ibòmíràn ní Èkó wá kí yín nígbà ọlidé, ohun tí ilé ìwé wọn ń náwó lé lórí kí wọ́n tó rí i wà lẹ́yìn ilé yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ mú wọn lọ sóko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbin ẹ̀wà, kí wọ́n máa hú ọ̀kan lójoojúmọ́ láti wo ibi tí gbòǹgbò dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka iye ọjọ́ tí adìyẹ fi sàba kí ó tó pa. Ẹ sọ orúkọ ewé fún wọn, kí ẹ sì fi wèrèpè hàn wọ́n láti òkèèrè kí wọ́n lè mọ ohun tí a kì í fọwọ́ kàn. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan létí odò, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Bí wọ́n bá wá bi yín pé kí ló dé tí nǹkan kan fi rí báyìí, ẹ má kù wọ́n mọ́, ẹ má sì yára dáhùn. Ẹ fún wọn ní ìgò, kí ẹ ní kí wọ́n lọ wò ó wá.